Ìwé Méjì, Orúkọ Kan

Owóníyì ló kọ́kọ́ gbé ìwé tirẹ̀ jáde,
ìwé ìsanwó ilé ìlagi rẹ̀ ní Kábà,
tí ikán ti jẹ létí.
Ó ní, "Ọmọ Báyọ̀dé, kí lo fẹ́ fi ṣe?"
Mo ní mo fẹ́ mọ ibi tí owó oṣù ti ń wá:
ṣé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni, àbí àgbàlá ọ̀gá?
Ó rẹ́rìn-ín. "Àpò mi ló ti ń wá."

Ogún ìwé ni mo kó jọ,
láti Ìyàrà dé Ìsánlú, láti Mọ́pà dé Ẹ̀gbẹ̀:
ilé ìlagi, ibi ìfọ́kúta, ilé búrẹ́dì,
oníkaṣú kan tó ń fi èédú kọ gbèsè sára ògiri.
Mo ya fọ́tò ògiri náà.
Mo tò wọ́n sínú kọ̀ǹpútà,
òṣìṣẹ́ lápá òsì, ọ̀gá lápá ọ̀tún,
owó dábùú láàárín wọn bí igi àjà.

Bí ẹnì kan bá jókòó sójú kan títí ó fi hewú,
owó rẹ̀ kò lè jẹ́rìí.
Iyọ̀ ti yọ́ sínú ọbẹ̀, ta ni yóò ṣà á?
Ẹni tó ṣí ni ẹlẹ́rìí.

Rúbẹ́nì ń fọ́ òkúta ní Ìyàrà, ó ń gba ọ̀kẹ́ méjì.
Ó ṣí lọ sí Ẹ̀gbẹ̀, ó ń gba ọ̀kẹ́ mẹ́ta:
ọwọ́ kan náà, òòlù kan náà,
ikọ́ kan náà láyà.
Ọ̀kẹ́ kan tó lé yẹn, ilé ọ̀gá ló ni ín.
Ṣùgbọ́n Dọ́káàsì tó ń po ìyẹ̀fun
yí ilé búrẹ́dì mẹ́ta ká, owó rẹ̀ kò yẹ̀.
Tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbé e kiri.

Ẹsẹ̀ irú wọn ló ń la ọ̀nà láti ìwé dé ìwé.
Ibi tí ẹsẹ̀ kò bá dé, ìṣirò kì í dé ibẹ̀.

Ilé ìlagi Owóníyì dá wà bí àpáta láàárín oko.
Ọgbọ̀n ọdún: kò sẹ́ni tó jáde níbẹ̀ lọ síbòmíì,
kò sẹ́ni tó ti ibòmíì wọlé.
Kọ̀ǹpútà yọ ọ́ dànù,
ó yọ bàbá mi mọ́ ọn,
bàbá mi, ọgbọ̀n ọdún nídìí ayùn,
ìka méjì sílẹ̀ nínú ìyẹ̀fun pákó.
Ó ní òun kò lè ya Báyọ̀dé kúrò lára Owóníyì.
Ìyá mi ní, "Òótọ́ ló sọ.
Èmi náà kò rí wọn yà láti ọjọ́ yìí wá."

Lóru ni mo rí i nínú ìwé Ìsánlú:
"B. Aidun, alágbàṣe, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," oṣù Òkúdù 1991.
Akọ̀wé ibẹ̀ kọ orúkọ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ;
ẹ̀rọ kò mọ̀ pé Báyọ̀dé Aiyédùn ni.
Mo bi Owóníyì. Ó ronú títí.
"Ẹ́ńjìnnì mi kú lọ́dún náà.
Háà. Ó dé Ìsánlú?"

Mo fi ìlà kan so orúkọ méjèèjì pọ̀.
Ilé ìlagi wọ inú àwọn yòókù padà.
Olùkọ́ mi kìlọ̀: afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan ni,
má ṣe di ẹrù lé e.
Mo mọ̀. Àmọ́ ìlọ́po méjì owó Kábà
ni wọ́n san fún un ní Ìsánlú.

Mo bi í: "Kí ló wá dé tí ẹ fi padà?"
Ó wo ìka mẹ́jọ tó kù.
"Ọ̀gá ọ̀hún, kì í kí èèyàn ní ọ̀kún láàárọ̀."

Mo wá òpó tí mo lè kọ ìyẹn sí. Kò sí.
Mo kọ ọ́ sí etí ìwé Owóníyì,
níbi tí ikán jẹ kù.